Iṣẹ́ Ilé àti Ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lẹ́nu Ènìyàn

Àwọn ará àdúgbò, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó wà lókè òkun, àtàwọn tó ń kó bọ̀ láti Èkó ló máa ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Apá ibo nínú ìlú ni iṣẹ́ ti ń lọ jù?

Ẹ tẹ̀ lé ojú irin àti ọ̀nà ńlá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, ilẹ̀ agbègbè Ládẹ́rìn kò sinmi mọ́. Ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ wà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Kóbapé, tó gba Ṣíun lọ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, náà ń kún lójoojúmọ́. Ọ̀báńtokò ti gbèrú débi pé ẹni tó bá ti pẹ́ tó ti débẹ̀ yóò béèrè ọ̀nà. Òkè-Mọ́sàn ni ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí ilé olówó fi ń yí i ká.

Láàárín ìlú gan-an, ní Aké, Ìtòkú àti Ìjẹmọ̀, ẹ má retí èsítéètì. Agboolé ló kún ibẹ̀, ilẹ̀ ẹbí sì ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ ó máa rí ni ilé alámọ̀ tí wọ́n wó kí wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀, àti títì tí wọ́n ń fẹ̀.

Ta ló ń kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní ni ìjọba ìpínlẹ̀, èyí tó ní apá púpọ̀: OPIC wà, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí dúkìá àti ìdókòwò, àjọ tó ń rí sí ilé kíkọ́ wà, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé náà wà. King's Court ní Òkè-Mọ́sàn àti Prince Court ní Kẹ́mta, láti ọwọ́ ìjọba ni wọ́n ti wá. Èkejì ni àwọn aládàáni tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, tí wọ́n ń gé e sí pílọ́ọ̀tì, tí wọ́n sì ń fún un ní orúkọ òyìnbó. Ẹ̀kẹta, tó sì pọ̀ jù lọ, ni èmi àti ẹ̀yin: ẹni tó ra ilẹ̀ lónìí, tó mọ fáǹdéṣọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, tó gun dẹ́kì nígbà tí owó bá dé.

Ó yẹ kí ẹ mọ èwo nínú mẹ́ta ni iṣẹ́ tí ẹ ń tọpa, torí ibi tí ẹ ó ti rí ìwé rẹ̀ yàtọ̀ síra. Ti ìjọba wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ti aládàáni wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àti lọ́fíìsì ilẹ̀. Ti èmi àti ẹ̀yin kò sí níbì kankan ju inú àpò wa lọ.

Ọ́fíìsì wo ni kí n lọ?

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ àti sáfè, ọ́fíìsì tó ń rí sí ilẹ̀ àti sáfè ní ìpínlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìkọ́lé, àwọn tó ń rí sí ètò ìlú ni, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ẹkùn lóríṣiríṣi. Ẹ má tò fún wákàtí mẹ́ta níwájú ọ́fíìsì kan láti béèrè ohun tó wà ní èkejì.

Ohun kan máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: Abẹ́òkúta tí à ń pè ní ìlú kan ti tàn kọjá ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù àti Àríwá Abẹ́òkúta. Ọ̀báńtokò wà lábẹ́ Ọ̀dẹ̀dá. Tí ẹ bá ń lọ sí Kóbapé, ẹ ti bọ́ sínú Ọbáfẹ́mi-Owódé. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Kí ló yẹ kí n rí lára pátákó tó wà níwájú ibi iṣẹ́?

Orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe, ayàwòrán ilé, ẹnjiníà, àti nọ́ńbà àṣẹ ìkọ́lé. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Pátákó tó ní àwòrán ilé aláràbarà, ọ̀pẹ méjì àti òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí kò ní nọ́ńbà àṣẹ, ìpolówó ọjà lásán ni.

Tí nọ́ńbà bá wà, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ilé ìgbé alájà méjì ni ìwé sọ, tí ilé ìtajà alájà mẹ́rin sì ń gòkè bọ̀. Àṣẹ kì í sì í wà títí láé: ọdún 2 ni òfin ètò ìlú ti 1992 fi sí i.

Gómìnà ti fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Ayẹyẹ ni ẹ lọ.

Èmi kì í ka iṣẹ́ kan sí iṣẹ́ àfi tí mo bá rí mẹ́ta nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí: ọ̀nà tí wọ́n là wọlé, gọ́tà, òpó iná, ibi tí omi yóò ti máa wá, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn síbẹ̀. Èsítéètì tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí géètì ńlá, tí kò sì sí gọ́tà kankan lẹ́yìn géètì náà, ẹ máa wò ó lókèèrè.

Iṣẹ́ máa ń pẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo èyí tó pẹ́ ló kú. Ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mọ́sàn, ọdún 2005 ni wọ́n kówó jọ fún un, ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń yá ni ibi tí ọjọ́ kan wà tí kò ṣe é yẹ̀. Gbogbo wa ló rí bí wọ́n ṣe sáré tún pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ ṣe, torí pé àjọ̀dún eré ìdárayá orílẹ̀-èdè ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àlejò kò sì ní dúró de bíríkìlà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá owó wà fún iṣẹ́ ìjọba kan?

Ẹ ka bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbé ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta jáde nípa bí wọ́n ṣe ná owó. Ètò SFTAS tí Báńkì Àgbáyé fi ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, tó sì ti parí báyìí, ló mú kí èyí wọ́pọ̀, torí pé nígbà náà, ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé e jáde kì í rí nínú owó náà gbà.

Ohun tó yẹ kí ojú yín wà lára rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n kọ àti iye tí wọ́n ná. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ owó ńlá sí níwájú, tí ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sì ń fi òdo hàn títí ọdún fi parí, kò kúrò lórí ìwé. Tí wọ́n bá tún kọ iye kan náà sí i lọ́dún kejì, ẹ ti mọ irú rẹ̀.

London ni mo wà. Báwo ni mo ṣe lè fojú sí iṣẹ́ láìwálé?

Ẹ lo Google Earth ti orí kọ̀ǹpútà. Ó ní ibi tí èèyàn ti lè padà wo àwòrán àtijọ́ ti ibì kan náà. Ẹ ó rí ọdún tí igbó wà níbẹ̀, ọdún tí katapílà wọlé, àti bóyá ohunkóhun ti yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ yín. Àwòrán yẹn kì í ṣe tòní, ó lè ti pé oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀gbọ́n tó ń bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ dára fún fídíò. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni náà dúró níbi tí òpó iná tàbí ilé aládùúgbò kan ti hàn, kó sì yí fóònù káàkiri láìgé e. Fídíò blọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ sórí yẹ̀pẹ̀ pupa lè jẹ́ ti ibikíbi láti Ṣàgámù títí dé Ìṣẹ́yìn. Ẹ san owó onísáfè tí kò bá ẹni tó ń tà tan. Owó yẹn kì í ṣe òfò.

Rísíìtì, sáfè, àṣẹ ìkọ́lé, C of O: ṣé ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé. Rísíìtì fi hàn pé ẹ sanwó. Kò sọ pé ẹni tó gbà á ló ni ilẹ̀. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ fi hàn pé ẹni kan gbé ilẹ̀ náà fún yín. Tí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí tó ṣe pàtàkì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí, bó ti wù kó lẹ́nu tó, kò lè dá a tà.

Sáfè ń sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà, bó ṣe tóbi tó, àti bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Kò sọ ẹni tó ni ín. Onísáfè tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì olórí onísáfè ìpínlẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan rèé tó máa ń dá ìjà sílẹ̀: nọ́ńbà tó wà lórí sáfè wa sábà máa ń wá láti ètò ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, fóònù yín sì ń lo òmíràn. Ẹ bá tẹ nọ́ńbà sáfè sínú fóònù bẹ́ẹ̀ lásán, ibi tí yóò gbé yín lọ lè fi nǹkan bí 100 mítà yẹ̀. Ẹ má tíì pariwo olè. Ẹ jẹ́ kí onísáfè yí i padà fún yín.

Àṣẹ ìkọ́lé ń sọ pé ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ bá ètò ìlú mu. Òun náà kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀.

C of O ni ìwé tí gómìnà fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ yín lórí ilẹ̀ náà, ọdún 99 sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Láti oṣù kẹta ọdún 1978 tí òfin ìlò ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà fún ànfààní ará ìlú. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ti ní C of O tẹ́lẹ̀ kò ní gba tuntun. Ìfọwọ́sí gómìnà ló máa wá, abala 22 òfin náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìfọwọ́sí yìí sílẹ̀ torí owó rẹ̀, wọ́n á sì máa sùn lórí ìwé tí kò tíì pé.

Wọ́n ní ilẹ̀ Abẹ́òkúta le láti kọ́lé sí. Ṣé òótọ́ ni?

Abẹ́ òkúta ni baba wa sá sí ní 1830, ẹ ò sì lè ní kí òkúta kúrò. Níbi kan, ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì péré, ẹ ó bá àpáta. Èyí dára fún fáǹdéṣọ̀n, ilé kì í rì. Ṣùgbọ́n ṣalángá àti sọ̀kàwéè yóò di ọ̀ràn, kànga yóò di ọ̀ràn, owó tí ẹ ó fi fọ́ òkúta kò sì sí nínú iye tí bíríkìlà sọ fún yín. Tí ẹ bá ń wo èsítéètì tuntun lórí òkè, ẹ béèrè ibi tí ìdọ̀tí omi yóò máa lọ. Ẹ wo ojú ẹni tó ń dáhùn.

Ìsàlẹ̀ ni ewu tó tóbi jù wà. Omi tó bá já bọ́ lórí àpáta kì í wọlẹ̀, ńṣe ló ń sáré. Odò Ṣókórí gba àárín ìlú kọjá, Odò Ògùn sì wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ní oṣù keje ọdún 2018, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Lẹ́bàá Odò Ògùn, ọ̀rọ̀ adágún Ọ̀yán tún wà níbẹ̀: tí òjò bá pọ̀, àjọ tó ń ṣàkóso rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò ló sì ń gbà á.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ilẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ fẹ́ràn oṣù kìíní. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé àtijọ́ tó wà nítòsí. Ibi tí omi dé ti fi àmì sílẹ̀. Kí ẹ sì bi ìyá tó ń tajà ní ìkóríta, kì í ṣe àjẹ́ńtì.

Ọmọ onílẹ̀ dé pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì, owó òrùlé. Ṣé dandan ni kí n san?

Òfin kò mọ̀ ọ́n. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin kan ní ọdún 2016 tó ka fífi ipá gba ilẹ̀ tàbí dídí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tó ní ẹ̀wọ̀n gígùn nínú.

Ohun tí òfin wí yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà dúró sẹ́nu géètì yín. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ ti parí ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó rà: kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo owó ẹbí ti wà nínú iye tí ẹ san, kí olórí ẹbí sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ẹ ó gbé lọ bá ọlọ́pàá. Ẹni tí kò ní in yóò máa dúnàádúrà.

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé wa. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó kọ ọ́ àti ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé kò ní àṣẹ ìkọ́lé, ó lè jẹ́ pé ó wà lójú omi, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ títì bí wọ́n ti ṣe ní Ìbarà àti Ìtòkú nígbà ìjọba Amósùn. Ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ilé tí kò ní àṣẹ lè máà rí kọ́bọ̀.

Tí ó bá jẹ́ pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ fún ànfààní ará ìlú, abala 28 òfin ìlò ilẹ̀ fún un ní agbára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ni ín ní ìwé ìkìlọ̀. Abala 29 ló sọ ohun tí wọ́n máa san. Ẹ fara balẹ̀ ka èyí: owó ilé ni wọn yóò san, bí yóò ṣe náni láti kọ́ irú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò, àti owó igi àti irè oko. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni ẹ ó rí gbà padà. Iye tí ẹ fi rà á lọ́wọ́ ẹbí kò kàn wọ́n. Ìwà ìkà ni lójú tèmi, ṣùgbọ́n òfin ni.

Nítorí náà, ẹ ya àwòrán ilé yín yíká, nínú àti lóde, kí katapílà tó dé. Ẹ gba ẹni tó mọ iye dúkìá, kí ó ṣe ìṣirò tiyín sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo rísíìtì ilẹ̀ jọ.

Ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ láti fún mi ní ìwé iṣẹ́ kan. Ṣé mo lè fi agbára béèrè?

Ẹ lè fi òfin béèrè. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 sọ pé kí wọ́n fún yín láàárín ọjọ́ 7, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 kún un. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ọdún pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, kò kàn wọ́n, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn gbogbo wọn.

Ẹ kọ lẹ́tà ṣókí. Ẹ dárúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ gan-an: àdéhùn iṣẹ́, iye rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó parí. Kí wọ́n sàmì sí ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èsítéètì tó tó hẹ́kítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ béèrè ìwádìí lórí àyíká pẹ̀lú, torí òfin ìwádìí àyíká ti 1992 sọ ọ́ di dandan.

Mo ti sanwó fún ilé nínú èsítéètì kan, iṣẹ́ sì ti dúró. Kí ló kù?

Ẹ má pariwo orí Facebook ṣáájú ìwé. Ẹ lọ wo CAC bóyá ilé iṣẹ́ náà wà láàyè àti àwọn tó jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ẹ lọ wo ọ́fíìsì ilẹ̀ bóyá ilẹ̀ èsítéètì náà wà lórúkọ ilé iṣẹ́ náà, àbí lórúkọ ẹbí tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ tán fún, àbí báńkì ló ti gbà á fún gbèsè. Ìdáhùn mẹ́ta yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni. Tí ilẹ̀ bá wà lórúkọ wọn, ẹ ṣì ní ohun tí ẹ lè dì mú. Tí ẹbí ló ṣì ni ín, àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ ó bá ṣe àdéhùn tuntun, kò sì sí bí kò ṣe ní dùn yín.

Ẹ wá àwọn mìíràn tó ti sanwó, kí ẹ gba lọ́yà kan ṣoṣo lápapọ̀. Ẹni tó bá dá lọ máa ń gba ìlérí. Àwọn ogójì tó bá jọ lọ ni wọ́n máa ń dá lóhùn.

Ìjọba gba ilẹ̀ ẹbí wa láti ìgbà pípẹ́, kò sì lò ó. Ṣé a lè tà á?

Ẹ kò lè tà á bí ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ tí ìjọba bá ti gbà kì í padà sọ́wọ́ ẹbí torí pé igbó hù sórí rẹ̀. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín ra ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni ilẹ̀ àgbàsílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yàn fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ọ̀nà, ilé ìwé tàbí ọ̀nà omi, kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èyí tí wọn kò tíì yàn fún ohunkóhun, àwọn tó ti kọ́lé sí i lè bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba fọwọ́ sí i fún wọn, kí wọ́n san ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n san, kí wọ́n sì gba ìwé. Onísáfè ni yóò mú nọ́ńbà ilẹ̀ yín lọ sórí àwòrán ìjọba láti wo èyí tí ó jẹ́. Tí ẹbí bá sì gbà pé wọn kò san owó kankan fún wọn nígbà tí wọ́n gbà á, tàbí pé wọn kò rí ìwé ìkìlọ̀, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Lọ́yà ni kí ẹ gbé e lọ bá, pẹ̀lú àgbà ẹbí tó bá ṣì rántí àwọn tó wá wọn ilẹ̀ náà.